Ṣé Tony Soprano kú àbí kò kú? Àlàyé lórí òkùnkùn tó parí The Sopranos

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n gbé àga ilé oúnjẹ kan sórí eBay fún títà. Àga àlòkù ni: àga gígùn méjì tó kọjú síra wọn, tábìlì láàárín. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ owó rẹ̀. Kí ọjà náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti di dọ́là 82,600. Ibẹ̀ ni James Gandolfini jókòó sí gẹ́gẹ́ bí Tony Soprano, ọ̀gá Máfíà ní New Jersey, nínú ìran tó gbẹ̀yìn eré orí tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ The Sopranos. Bí ìròyìn owó náà ṣe jáde ni àríyànjiyàn àtijọ́ tún jí: ṣé wọ́n pa Tony lórí àga yẹn ni, àbí ó jẹun tán, ó bá ìdílé rẹ̀ lọ sílé?

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń pò pọ̀ mọ́ra wọn. Kí ni àwòrán fi hàn? Kí ni David Chase, tó dá eré náà sílẹ̀, sọ? Kí sì ni àwọn òǹwòran fúnra wọn parí rẹ̀ sí? Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó rí ibi tí irọ́ ti wọlé.

Ìpín wo gan-an là ń sọ?

The Sopranos bẹ̀rẹ̀ lórí HBO, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1999. Ìpín 86 ló ní, èyí tó gbẹ̀yìn sì jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2007. Àkọlé rẹ̀ ni "Made in America". Chase ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Ìpín méjì péré ló sì fúnra rẹ̀ darí nínú gbogbo eré náà, àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn. Èèyàn tó tó mílíọ̀nù 11.9 ló wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Chase gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ eré tẹlifíṣọ̀n, fún bó ṣe kọ ìpín náà, eré náà sì gba ti eré tó dára jù lọ.

Kí ìran ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, ogun ti jà láàárín ẹgbẹ́ Tony àti ẹgbẹ́ New York tí Phil Leotardo jẹ́ ọ̀gá fún. Wọ́n ti pa Bobby, ọkọ ẹ̀gbọ́n Tony obìnrin. Silvio, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wà ní ilé ìwòsàn, kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ New York fúnra wọn gbà kí ogun dópin, wọ́n sì yọwọ́ lọ́rọ̀ Phil. Wọ́n yìnbọn pa á níbi tí wọ́n ti ń ta epo bẹntiróòlù, ọkọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ láìpa á sì yí gun orí rẹ̀. Àmọ́ nǹkan mìíràn ṣì ń bọ̀: Carlo, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Tony, ti lọ bá àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ FBI, ó fẹ́ tú àṣírí. Agbẹjọ́rò Tony sọ fún un pé nínú ọgọ́rùn-ún, ó tó ọgọ́rin sí àádọ́rùn-ún pé wọ́n máa fẹ̀sùn kàn án. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó wúlò fún àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ikú kọ́ ló ṣe pàtàkì.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìran náà?

Tony wọ Holsten's, ilé áísìkiriìmù kan tó wà ní Bloomfield ní New Jersey. Bẹ́lì kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i, á dún. Tony dúró, ó wo inú ilé. Àwòrán tó tẹ̀ lé e yẹ kó jẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ la rí níbẹ̀, tó ti jókòó. Chase ti ṣàlàyé pé fíìmù Stanley Kubrick, 2001: A Space Odyssey, ni òun ti kọ́ ọgbọ́n yìí, níbi tí ọkùnrin kan ti gbójú sókè tó rí ara rẹ̀ tó ti dàgbà sí i.

Tony ń wá orin nínú jukebox kékeré tó wà lórí tábìlì. Ó mú èyí tó wù ú, orin sì bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Carmela, wọlé. Tony sọ fún un pé Carlo máa jẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì wọlé, AJ, ọmọkùnrin Tony, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin yìí jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan, ó bojú wẹ̀yìn wo apá ọ̀dọ̀ tábìlì Tony. Àwọn ọmọdé kan jókòó síbì kan, ọkùnrin kan dé fìlà tí wọ́n kọ USA sí, tọkọtaya kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí kì í ṣẹlẹ̀ nílé oúnjẹ.

Wọ́n gbé àlùbọ́sà dídín wá, èyí tí wọ́n gé róbótó, tí wọ́n rì sínú ìyẹ̀fun kí wọ́n tó dín in. Tony ní tibẹ̀ ló dára jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. AJ rán bàbá rẹ̀ létí ọ̀rọ̀ kan tó ti sọ rí, pé kí wọ́n máa rántí àsìkò tó dùn. Tony ò tiẹ̀ rántí pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ lóòótọ́, níparí abala àkọ́kọ́ eré náà, ní ilé oúnjẹ mìíràn tí ìdílé kan náà ti jọ jókòó.

Níta, Meadow, ọmọbìnrin rẹ̀, ń gbìyànjú láti kó ọkọ̀ rẹ̀ sáàárín ọkọ̀ méjì lẹ́bàá títì. Ó yí i wọlé, kò bọ́ sí i. Ó jáde, ó tún un ṣe, ó ṣì kọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó wọlé. Ọkàn òǹwòran ti ń lù kìkì nítorí ọkọ̀ tí kò fẹ́ dúró síbi tí wọ́n fẹ́ kó dúró sí. Nínú ilé, ọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì Tony kọjá lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Meadow sáré sọdá títì. Bẹ́lì dún. Tony gbójú sókè. Òkùnkùn dé, orin gé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé kébù ló já lálẹ́ ọjọ́ náà ni?

Rárá. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ilé, tí àwọn èèyàn dìde lọ ń gbá tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n sì ń yẹ wáyà wò, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ni ojú tẹlifíṣọ̀n fi dúdú láìsí ohùn kankan, kí orúkọ àwọn òṣèré tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kò sì sí orin lábẹ́ àwọn orúkọ náà.

Ohun tí Chase fẹ́ tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ṣàlàyé pé òun kò fẹ́ kí orúkọ ẹnikẹ́ni jáde rárá. Kí òkùnkùn náà máa lọ títí dé ibi tí àmì HBO máa ń dún. Ẹgbẹ́ àwọn olùdarí fíìmù ní Amẹ́ríkà kò gbà fún un, nítorí àdéhùn iṣẹ́ ni pé orúkọ gbọ́dọ̀ jáde.

Kí ni ẹ̀rí àwọn tó ní Tony kú?

Ẹ̀rí wọn tó lágbára jù kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Inú bí wọ́n ṣe to àwòrán ló wà.

Bí olùdarí bá fẹ́ ká fi ojú ẹnì kan wo nǹkan, àwòrán mẹ́ta ló máa ń tò tẹ̀ léra: ojú ẹni náà bó ṣe ń wo ibì kan, lẹ́yìn náà ohun tó ń wò, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ padà. Ní Holsten's, bẹ́lì á dún, Tony á gbójú sókè, a ó rí ẹni tó wọlé láti ibi tí Tony jókòó sí, a ó padà sí ojú Tony. Wọ́n ṣe é léraléra títí tó fi mọ́ òǹwòran lára. Nígbà ìkẹyìn, bẹ́lì dún, Tony gbójú sókè, ó wá ku kí a rí ohun tó rí. Òkùnkùn la rí. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán náà, òkùnkùn yẹn gan-an ni ohun tí ojú Tony rí: ìbọn ti dún, kò sì gbọ́ ọ.

Kí nìdí tí kò fi gbọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ìpín "Soprano Home Movies", tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2007, Tony àti Bobby wà nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré lórí adágún, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa bí ikú ṣe máa ń bá irú àwọn. Bobby ní ó ṣeé ṣe kí èèyàn má tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan tó bá dé. Ìpín tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn, "The Blue Comet", tún mú wa padà sórí adágún náà nígbà tí Tony ń dá rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tó ní ó kú ní kò sí ìdí mìíràn tí Chase fi máa tún un gbé wá síwájú wa, bí kò bá fẹ́ ká mú un lọ́wọ́ wọ Holsten's.

Jákẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Members Only ni orúkọ irú jákẹ́ẹ̀tì yẹn, orúkọ kan náà ni àkọlé ìpín tó bẹ̀rẹ̀ abala kẹfà. Nínú ìpín yẹn, ọmọ ẹ̀yìn Tony kan, Eugene, tó máa ń wọ irú jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, wọ ilé oúnjẹ kan ó sì yìnbọn pa ẹni tó jókòó tó ń jẹun. Níparí ìpín kan náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá Tony yìnbọn sí Tony níkùn. Ti ilé ìyàgbẹ́ sì wà níbẹ̀: nínú fíìmù The Godfather ti ọdún 1972, inú ilé ìyàgbẹ́ ilé oúnjẹ ni Michael Corleone ti lọ mú ìbọn tó fi pa èèyàn méjì. Àwọn ará ilé Soprano mọ fíìmù yẹn bí ẹní mowó.

Àwọn tó ní kò kú, tàbí tí wọ́n ní a ò lè mọ̀ ńkọ́?

Wọ́n ní ká sọ ohun tí a rí. A ò rí ìbọn. A ò rí ẹ̀jẹ̀. A ò rí ọkùnrin náà kó jáde padà láti ilé ìyàgbẹ́. Phil tó fẹ́ pa Tony ti kú, àwọn tó kù ní New York sì ti fọwọ́ sí àlàáfíà. Ta ló rán apani náà, kí sì ni wọ́n fẹ́ jèrè?

Wọ́n tún ní bátànì àwòrán mẹ́ta yẹn kò gún régé tó bí àwọn kan ṣe ń sọ, òótọ́ sì ni. Kámẹ́rà jáde síta lọ bá Meadow nídìí ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí ojú Tony kò lè dé. Ó fi hàn wá bí oníjákẹ́ẹ̀tì ṣe bojú wẹ̀yìn. Nítorí náà, kì í ṣe ojú Tony nìkan la fi ń wo ìran náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òkùnkùn náà lè jẹ́ ti àwa òǹwòran: Tony ń jẹ àlùbọ́sà rẹ̀ lọ, àwa ni wọ́n lé jáde nínú ilé rẹ̀.

Apá kẹta sọ pé yálà ó kú lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí kò kú, ìgbésí ayé rẹ̀ ti di èyí: kò sí ìgbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí tí kò ní gbójú sókè. Bí kì í bá ṣe ìbọn, ilé ẹjọ́ ni. Ikú ò dájọ́, àrùn ò dóṣù. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Tony ń ṣe kò lè jẹun kó má wo ẹnu ọ̀nà.

Kí ni Chase sọ gan-an, ìgbà wo ló sì sọ ọ́?

Ibí ni àwọn àkọlé ìròyìn ti ń ṣi èèyàn lọ́nà jù, torí náà ó yẹ ká fara balẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìpín náà jáde ní 2007, Chase wà ní ilẹ̀ Faransé. Ìwé ìròyìn Star-Ledger ti New Jersey, ìyẹn ìwé ìròyìn tí Tony máa ń lọ he níwájú ilé rẹ̀ nínú eré náà, bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ṣàlàyé, òun kò fẹ́ gbèjà, òun kò sì fẹ́ fi kún ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, òǹkọ̀wé kan kọ ọ́ sórí Vox, ìkànnì ìròyìn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé òun bi Chase bóyá Tony kú, ó sì dá òun lóhùn pé kò kú. Kò pẹ́ tí agbẹnusọ Chase fi jáde wí pé wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, pé ọ̀rọ̀ bóyá Tony wà láàyè tàbí ó kú kọ́ ni kókó. Ìdajì àkọ́kọ́ yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pín kiri.

Ní 2015, ó mú òǹkàwé ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn olùdarí la ìran náà já, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó sọ ìdí tí bẹ́lì fi wà níbẹ̀ àti ìdí tí Meadow fi pẹ́ nídìí ọkọ̀. Kò sọ pé wọ́n yìnbọn. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé òpin máa dé bá gbogbo wa lọ́jọ́ kan, àti pé ìgbé ayé tó kéré yìí ló yẹ ká dì mú.

Ìwé tí Matt Zoller Seitz àti Alan Sepinwall kọ nípa eré náà jáde ní 2019. Nínú rẹ̀, Chase sọ pé òun ti ní "ìran ikú" kan lọ́kàn ní nǹkan bí ọdún méjì kí eré tó parí: Tony á gba inú ihò abẹ́ odò Lincoln Tunnel lọ sí ìpàdé ní Manhattan, òkùnkùn á dé, a ò sì ní rí i mọ́. Àwọn oníbèéèrè pe àkíyèsí rẹ̀ sí i pé ó pe ìran náà ní ìran ikú. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá bú wọn. Ẹ kíyè sí i: ìran tí kò yà ló ń sọ níbẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó tún un sọ fún ìwé ìròyìn Hollywood Reporter, ó sì fi kún un pé òun rí ilé oúnjẹ kékeré kan nígbà tí òun ń wa ọkọ̀ lọ, òun sì rò ó pé irú ibẹ̀ ló yẹ kí Tony ti gbà á. Kíá ni àkọlé gba íntánẹ́ẹ̀tì kan pé Chase ti jẹ́wọ́. Òun lọ̀rọ̀ rẹ̀ tó sún mọ́ "ó kú" jù lọ. Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń gbèrò ló ń sọ. Kò sọ pé òkùnkùn tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n ni ìbọn náà.

Nígbà tí HBO wá gbé fíìmù nípa Chase àti eré náà jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, èyí tí Alex Gibney darí, Chase bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òpin náà níparí rẹ̀. Wọ́n gé e sí òkùnkùn kó tó parí gbólóhùn rẹ̀.

Èwo nínú àwọn ahesọ ló jẹ́ irọ́?

Èyí tó tàn kálẹ̀ jù ni pé àwọn tó wà ní Holsten's jẹ́ ọ̀tá Tony láti àwọn ìpín àtijọ́: pé oníjákẹ́ẹ̀tì ni Nikki Leotardo, ìbátan Phil, pé orúkọ yẹn sì wà lára orúkọ àwọn òṣèré. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ lórí í-meèlì. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Man in Members Only Jacket", ọkùnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Paolo Colandrea ló ṣe é, ẹni tó ń ta písà, tí kò tíì hàn nínú eré náà rí.

Irọ́ kejì ni pé HBO ló gé ìparí rẹ̀ kúrò. Chase ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí nìdí orin yẹn?

"Don't Stop Believin'" ti ẹgbẹ́ Journey ni, ó jáde ní 1981. Chase ka àwọn orin tó ń rò fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa ti ya eré. Bí ó ṣe dé orí ti Journey, wọ́n figbe ta pé kó má ṣe é. Ìyẹn ló jẹ́ kó mú un. Steve Perry, tó kọ ọ́ lórin, kò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, torí kò fẹ́ kí orin òun bá ìpakúpa rìn. Ó kù bí ọjọ́ mélòó kan kí eré jáde kó tó gbà. Orí ọ̀rọ̀ "Don't stop" ni Chase ti gé e, èyí tó túmọ̀ sí "má dúró".

Holsten's ńkọ́ báyìí?

Ó ṣì wà. Ọdún 1939 ni wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù níbẹ̀. Nígbà tí HBO fẹ́ wá ya ìran náà ní 2007, ìgbìmọ̀ ìlú Bloomfield kọ́kọ́ kọ̀, nítorí àwọn kan ní eré náà ń tàbùkù sí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti Ítálì wá, kí wọ́n tó yí i padà. Nígbà tí Gandolfini kú ní Róòmù ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2013, lẹ́ni ọdún 51, wọ́n fi tábìlì náà sílẹ̀ lófìfo, wọ́n fi àkọsílẹ̀ sí i pé ó ti lólúwa. Àlejò tó ń wá jókòó síbẹ̀ láti ya fọ́tò ló mú kí àga náà gbó, ìyẹn ni wọ́n ṣe tà á.

Báwo ni mo ṣe lè wò ó kí n dá ti ara mi lẹ́jọ́?

Ẹ má wo fídíò kéékèèké orí fóònù. Bí wọ́n bá gé àwòrán náà kó lè dúró lóòró, oníjákẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán lè bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì gé òkùnkùn náà kúrú, ìdí ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ orí adágún nínú "Soprano Home Movies", kí ẹ tó wá sí "Made in America". Láti ìgbà tí Tony bá ti wọlé, ẹ máa ka bẹ́lì. Nígbàkúgbà tó bá dún, ẹ kíyè sí bóyá ojú Tony ló kọ́kọ́ hàn tàbí ẹni tó ń wọlé, àti bóyá láti ibi tí Tony jókòó sí ni ẹ ti ń wò ó. Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀. Nígbà tí òkùnkùn bá dé, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ títí orúkọ àkọ́kọ́ yóò fi jáde.